Kọfí Dúdú Kan fún Ọba Imú

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kejì

A ti dé Trieste. Ọkọ̀ ojú irin yẹn pẹ́ lọ́nà débi pé irùngbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ hù lágbọ̀n mi. Gbogbo Ítálì la là já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni Bàbá àgbà rí sọ: "Hẹ̀n-ẹ́n." Òun ló fi dá ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lóhùn. Òun ló fi dá obìnrin tó fún un ní bisikíìtì lóhùn. Nígbà tí mo bi í bóyá òótọ́ ni pé ó fẹ́ ti ilé kọfí wa pa, òun náà ló fi dá mi lóhùn.

Ohun tí a sọ fáyé ni pé a wá kí Àǹtí Mafalda, àbúrò màmá mi, tó bímọ tuntun. Irọ́ ni. Ó dáa, ìdajì irọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Bàbá àgbà Liborio ni gbogbo àdúgbò wa ní Naples ń pè ní Ọba Imú. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò kọfí ṣì wà ní títì, kó sọ fún ọ pé òjò pa á lójú omi. Àmọ́ ibà kan dá a wó kí Kérésìmesì tó dé, àtìgbà náà kò gbádùn kọfí kankan mọ́. Tirẹ̀, tẹlòmíì, gbogbo rẹ̀. Ó ní kọfí ayé ti kú. Ó ní àwọn tó ń gbìn ín ti ń ṣe màgòmágó. Ó wá sọ fún Bọ̀ọ̀dá Sabatino, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, pé Trieste lòun ń lọ, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já kọfí sílẹ̀. Bí òun ò bá rí ife kan péré tó dára níbẹ̀, kí wọ́n ta ẹ̀rọ, kí wọ́n ta ìkòkò tí a fi ń yan kọfí, kí Sabatino sọ ṣọ́ọ̀bù di ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn ère kéékèèké tí àlejò ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

Ère fíríìjì! Nínú ilé kọfí wa!

Láti ìgbà tí orí mi ti ga ju káńtà lọ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni màá dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn. Nítorí náà èmi Titina, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ti ilé-ìwé rẹ̀ pa torí pé àjà já lulẹ̀ (kí Ọlọ́run bùkún àjà náà), mo búra lónìí: màá rí ife kan yẹn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òkun ló wà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kejì

Ìlú wèrè. Níbí, bí o bá fẹ́ kọfí gidi, "dúdú" lo máa bèèrè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dúdú méjì." Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà bi mí pé ṣé nínú ife ni àbí nínú gíláàsì. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ padà, mo ní gíláàsì. Àfi ìgbà tó gbé e dé! Gíláàsì kóńkó báyìí.

Bàbá àgbà wò ó bí ẹni wo òkú eku. "Kí lèyí? Ìtọ̀ mi ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Gíláàsì (orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn) ò bínú. Ó ní, "Bàbá, báyìí la ti ń mu ún látijọ́. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ wo bí ìfófó ṣe dúró lórí."

"Ojú lẹ fi ń mu kọfí níbí?"

Gíláàsì náà ò tiẹ̀ gbóná! Nílé, inú omi tó ń hó la ti ń yọ ife. Bí kò bá jó ọ létè, wọn ò tíì gbà ọ́ lálejò. Bàbá àgbà mu ún. Ó fi ahọ́n yí i ká ẹnu. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ti kú."

Èmi ti da ṣúgà mẹ́ta sí tèmi. Ó dùn bí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?


Ọjọ́rú, 8 oṣù Kejì

Ti kú. Ti kú. Ti kú. Ti kú. Àyà mi ń lù bí ẹni pé màlúù ń jó nínú rẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kejì

Wọ́n lé wa lónìí. Bí olè.

Àárín ìlú la wà, ilé kọfí kan tó ní dígí ńláńlá lára ògiri. Bàbá àgbà mu dúdú tirẹ̀, ó ní ti kú, ó san ti ẹni méjì, a jáde. Nílé, ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé ìyẹn ni? O mu ọ̀kan, o san méjì, èkejì wà níbẹ̀ de ẹni tí kò ní. Ẹni náà á yọrí wọlé, á bèèrè bóyá nǹkan wà nílẹ̀, wọ́n á fún un, ó parí.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ń sáré bọ̀ láìwọ kóòtù nínú Bóórà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe atẹ́gùn ìlú yìí. Kì í fẹ́, ó máa ń gbá èèyàn létí ni. Táì rẹ̀ ti fò lọ sẹ́yìn orí.

"Bàbá! Bàbá! Ẹ gbàgbé owó yín!"

"N ò gbàgbé nǹkan kan."

"Ẹ san méjì, ọ̀kan lẹ mu."

"Ìkejì, ti ẹni tí kò ní ni."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"Èmi á ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé ó ń bọ̀ ni? Ìgbà wo ló ń bọ̀? Kí ni orúkọ rẹ̀, kí n lè pa á mọ́ fún un?"

"Ọmọkùnrin, bí mo bá mọ orúkọ rẹ̀, ilé mi ni màá pè é sí!"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí etí mi fi di yìnyín. Níkẹyìn ọkùnrin náà ti owó bọ inú àpò Bàbá àgbà ní tipátipá, ó sì sá padà. Bàbá àgbà dúró láàárín títì. "Wọ́n dá kọfí tálákà padà fún mi," ó ní. "Mo ti dàgbà tó báyìí kí n tó rí i."

Mo fẹ́ mú un rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá àgbà, ṣebí ẹ ní kọfí náà ti kú. Òkú lẹ fẹ́ fún tálákà?"

Ó ní, "Ó lè wà láàyè lẹ́nu tirẹ̀."

Ó sì ń lọ. Atẹ́gùn gbé fìlà rẹ̀, èmi ni mo sáré lé e dé ìdajì ọ̀nà Róòmù.


Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kejì

Mo ti ronú. Ẹni tó ń da ṣúgà mẹ́ta sí kọfí tó ní òun ń wá kọfí dáadáa, ó dà bí afọ́jú tó ń ra aṣọ. Láti òní, kò sí ṣúgà.

Mo lọ dá mu ọ̀kan lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gíláàsì. Ojú mi yí. Mo rò pé wọ́n ti fún mi ní májèlé. Mo tún mu. Ó wá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìkorò yẹn, níbi tí n ò fọkàn sí, nǹkan kan ṣí. Bí ìgbà tí o bá ń gba inú yàrá ṣókùnkùn kọjá tí ẹnì kan ṣí fèrèsé. Ó rọra dùn, kì í ṣe dídùn ṣúgà. Mo dúró síbẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Gíláàsì ní, "Ọmọbìnrin, ṣé kò sí?"

Mo ní, "Ó wà."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdún tí mo ti ń mu kọfí, ṣúgà ni mo ń mu.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kejì

Mo ti rí i! Mo ti rí i! Ẹ fọn fèrè!

Òórùn ló mú mi dé ibẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra nǹkan ìdí ọmọ fún Àǹtí Mafalda, Bóórà fẹ́ òórùn kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn bá mi nímú, ó sì gbé e lọ. Ó tún dé. Mo tẹ̀ lé e. Mo fi igbá àyà ti atẹ́gùn, mo di òpó iná mú níbì kan kí n má bàa bọ́ sókun. Bí òórùn náà bá sọnù mo dúró, bó bá dé mo sáré. Ó já sí kọ̀rọ̀ kan nítòsí èbúté, ilẹ̀kùn igi, kò sí àkọlé.

Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, apá rẹ̀ tó itan mi. Nives lorúkọ rẹ̀. Ó ń yan kọfí fún ìdajì àwọn ilé kọfí ìlú yìí, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń tọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ó ní, "Kí lo fẹ́?" Mo ní dúdú. Ó ní òun kì í tà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ọba Imú fún un, mo fi díẹ̀ kún un (mo ní ìjọba ń rán ọkọ̀ wá gbé e láti wá gbọ́ òórùn kọfí), ó rẹ́rìn-ín títí, ó pọn ọ̀kan fún mi.

N ò lè kọ bó ṣe rí. Kí n gbìyànjú: ó dà bí ẹni pé gbogbo èyí tí mo ti mu látilẹ̀ jẹ́ fọ́tò, tí èyí wá jẹ́ èèyàn.

Ó mú mi lọ wo ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn. Àpò kọfí lórí àpò kọfí dé òrùlé, bí òkè. Ẹyẹ ń fò lókè lọ́hùn-ún. Ó ní gbogbo èyí, tútù ni. Kò tíì ní òórùn kọfí rárá, òórùn koríko ló ní. "Iná ló ń jí i," ó ní. Èmi tí mo ń pariwo bí wọ́n bá ń gbé pósí kọjá, mo rọra ti imú bọ inú àpò kan.

Ọjọ́ Ajé, màá mú Ọba wá.


Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kejì

Ọmọ Àǹtí Mafalda (Ọ̀gá Ariwo) ké láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ìró rẹ̀ á ti máa dé Fẹ́nísì.


Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kejì

Ó ti bàjẹ́.

Nives wọ aṣọ àwọ̀lékè tuntun. Ó nu ẹ̀rọ dán. Ó yan kọfí ní òwúrọ̀ yìí gan-an, nítorí Ọba Imú. Mo mu tèmi ṣáájú, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Bàbá àgbà mu tirẹ̀. Ó pẹ́. Mo rí i tó di ojú, tó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kan, tó ń dúró de ẹni tó máa ṣí i.

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ti kú."

Nives pupa bí tòmátì. "Bàbá, ohun tí mo yàn lówùúrọ̀ yìí lẹ pè lókùú? Ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn án!"

"Ẹ má bínú, màdáámú. Kì í ṣe ẹjọ́ yín."

"Ẹjọ́ ta ni?"

Bàbá àgbà dé fìlà, ó jáde. Nígbà tí a délé ó gba fóònù Àǹtí Mafalda, ó pe Bọ̀ọ̀dá Sabatino. Mo gbọ́ ọ láti ìta ilẹ̀kùn: "Wá ẹni tó máa rà á."

Ìgbéraga! Ìgbéraga ló ń dà á láàmú! Mo kórìíra rẹ̀. N ò kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kejì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá àgbà gbé Ọ̀gá Ariwo lé itan, ó ń kọrin fún un. Ọ̀gá Ariwo sì ṣu. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí ìgbẹ́ rí, mo ti gbé ládùúgbò tí wọn ò kó ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí ju ọmọ èèyàn lọ. Ó jò jáde. Ó dé sòkòtò Bàbá àgbà. Àǹtí Mafalda fi ọwọ́ bo imú, ọkọ rẹ̀ sá lọ ṣí fèrèsé sí Bóórà. Ẹ̀rín pa mí, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà ń kọrin lọ. Ó gbé ọmọ náà súnmọ́ ojú, ó fi imú rẹ̀ nu imú ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé? Kí lẹ ń ṣí fèrèsé fún? Ẹ fẹ́ kí òtútù pa ọmọ ni?"

Àǹtí Mafalda ní, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Gbọ́ kí ni?"

Ilẹ̀ ni mo ṣì wà tí ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.


Ọjọ́rú, 15 oṣù Kejì

Mo ra wàràkàṣì tó rùn jù lọ ní ọjà. Ẹni tó tà á fún mi pàápàá yí ojú kúrò. Mo fi sí abẹ́ ìrọ̀rí Bàbá àgbà kó tó lọ sùn lọ́sàn-án. Ó sùn. Ó han-an-run. Ó jí, ó ní oorun náà dùn.

Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta.


Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kejì

Bóórà rọlẹ̀ lónìí. A rìn lọ sí etí òkun. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wá sọ ọ́ bó ṣe wá sẹ́nu: "Bàbá àgbà, kì í ṣe kọfí ló kú."

Ó wo omi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó ní, "Láti ìgbà ibà yẹn. Mo jí lọ́jọ́ kan, ilé ò ní òórùn mọ́. Mo rò pé yóò padà. Mo lọ dúró nídìí ìkòkò, mo ki orí bọ̀ ọ́. Bí ẹni ń yọjú wo kànga tí kò lómi."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Kí n dúró láàárín títì kí n ní, ẹ̀yin ará àdúgbò, Ọba Imú ti di igi? Mo wá síbí torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí níbí. Mo ní bóyá ọ̀kan máa wà tó le tó, tó tutù yọ̀yọ̀ tó, tó máa fọ́ ilẹ̀kùn náà wọlé. Ọ̀kan péré."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo "ti kú, ti kú" yẹn! Èmi rò pé ó ń ṣe fáàrí. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, láti ilé kọfí dé ilé kọfí.

Mo bi í pé, "Kí lẹ wá fi ń yan kọfí nílé látọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Mo ń méfò. Ọpẹ́ ni pé n ò tíì ṣì í. Kò sẹ́ni tó ráhùn."


Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Kejì

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Sabatino. Mo fẹ́ bú u nítorí ère fíríìjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo gbọ́ rèé. Mo ní Bàbá àgbà ò gbọ́ òórùn mọ́.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Imú tèmi. Ẹ̀yin mọ̀?"

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, Titina. Látìgbà tí ọdún tuntun ti wọlé. Ó ń yan án títí ó fi ń di èédú. Donna Rusella, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu."

"Ó sì pariwo?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó mu ún tán. Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, Don Liborio.' Ló bá lọ kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá yí ojú, òun á fi ìgbálẹ̀ yí i padà fún un."

"Wọ́n wá ń mu ún?"

"Lójoojúmọ́. Wọn ò lè mu omi lé e níwájú rẹ̀, ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Omi ló ń ṣáájú kọfí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá mu omi lẹ́yìn kọfí ti bú ẹni tó pọn ọ́n.

"Wọ́n á kí i, wọ́n á rìn jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi yà ní igun ọ̀nà, níbi ẹ̀rọ omi ìjọba. Láràárọ̀, wọ́n ń tò síbẹ̀, wọ́n ń fọ ẹnu. Alápatà, olùkọ́, fáda. Fáda ló máa ń pẹ́ jù."

N ò lè rẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú ṣúgà mẹ́ta mi, n ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ó ní, "Ìwọ rò pé owó ni mo ń wá? Mo fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ kí àlejò kan tí kò mọ nǹkan kan tó tu kọfí rẹ̀ dà sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló máa kú."


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kejì

Ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sọ ọ́, mo pa á. Bí n ò bá sọ ọ́, wọ́n ta ilé kọfí, àwọn èèyàn á sì máa purọ́ fún un títí tó fi máa kú. Èmi tí irọ́ dùn lẹ́nu mi bí oyin, irọ́ yìí ò ṣe é gbé mì.

Mo sọ fún un nílé ìdáná, ó ń bó àlùbọ́sà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rọ omi.

Ọ̀bẹ dúró. "Rusella náà?"

"Rusella náà."

"Rusella tó dá búrẹ́dì padà torí iyọ̀ tí kò tó?"

"Òun gan-an."

"Fáda?"

"Òun ló máa ń pẹ́ jù."

Mo ń dúró de ìbínú. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ó ní, "Gbogbo wọn. Láràárọ̀." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ lọ. "Èédú ni mo ń fún wọn mu, wọ́n ń ní ẹ kú iṣẹ́."

Àwọn èèyàn àdúgbò wa! Àwọn tí wọ́n ń jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí! Ta ló mọ̀ pé wọ́n lè pa ẹnu wọn mọ́ lórí ohunkóhun? Mo ti rí òkè iná wa tó ń rú èéfín, mo ti rí òkun tó fẹ́ gbé ọkọ̀ mì, n ò tíì rí ohun tó tóbi bí ìyẹn.


Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kejì

Kò jáde ní yàrá. Àǹtí Mafalda gbé ọmọ fún un. Wọ́n jọ dákẹ́.


Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kejì

Òun ló jí mi. Ó ti wọ bàtà. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí mo bú."

Níwájú Nives, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Màdáámú, n ò gbọ́ òórùn. Kọfí yín ò kú. Èmi ni mo kú sí i." Nives wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá fi ìkòkò ìyan rẹ̀ sílẹ̀ fún un. "Ẹ yan án, Bàbá. Etí yín ò ṣe nǹkan kan, àbí?"

Nílé, ariwo alùpùpù ò ní jẹ́ kó gbọ́. Níbí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó da kọfí tútù sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ etí mọ́ irin gbígbóná, ó di ojú. Ó pẹ́. Hóró àkọ́kọ́ ta pàù. Òmíràn. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, bí ìgbà tí iná bá mú igi gbígbẹ. Ó gbé ìka kan sókè: kò tíì tó. Wọ́n dákẹ́. Ìró mìíràn wá bẹ̀rẹ̀, kékeré, ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, bí òjò tó ń wọ́n sórí ewé. Mo rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin tí mo mọ̀ ti padà sínú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ irin, kọfí ya jáde, dúdú, ó ń dán.

Nives pọn ọ́n. Bàbá àgbà gbé ife náà wá fún èmi. Kì í ṣe fún Nives.

"Sọ ọ́."

Mo mu ún. Mo ní, "Bàbá àgbà, bí áńgẹ́lì bá ń—"

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Alábùmọ́. Má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún mi. Àwọn ará ilé ti ṣe ìyẹn tó. Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Mo tún mu. Mo ní, "Ó jóná díẹ̀."

"Níbo?"

"Lẹ́yìn ahọ́n. Kì í ṣe nígbà tó wọlé. Ìgbà tí mo gbé e mì tán."

"Ó dúró síbẹ̀ àbí ó lọ?"

"Ó dúró."

Nives gba ife, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá àgbà kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ìró bí òjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù kí n tó fà á." Ó da òmíràn sínú ìkòkò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fà á nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ń kán. Mo mu ún. Ó bi mí léèrè, mo dáhùn. Ó di ojú bí ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà fún. Mo ní ó korò, ó sì mọ́. Mo ní ó dà bí èèpo ọsàn tí Màmá àgbà máa ń gbé lé orí sítóòfù nígbà òtútù. Mo ní kò sí ohun tó dúró lẹ́yìn ahọ́n, àyàfi kó wù mí láti mu sí i.

"Kò jóná?"

"Kò jóná."

"Búra."

"Bàbá àgbà, n ò ní búra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lásán, kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́."

Ó gbà mí gbọ́. Ó gba fóònù Nives, ó pe Bọ̀ọ̀dá Sabatino, ó ń pariwo bí gbogbo àgbàlagbà tó bá di fóònù mú: "Má tà á! Sọ fún Rusella kó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. A ń bọ̀. Èmi á máa yan án, ọmọ yìí á máa tọ́ ọ wò. Bó bá ní ó jóná, kí wọ́n dà á nù, kó dà bí èmi ni mo sọ ọ́!"

Ẹnu mi yìí. Ẹnu tó ti sọ fún olùkọ́ pé kìnnìún jẹ iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Gbogbo àdúgbò á máa mu ohun tí ẹnu yìí bá sọ.

Ó ń yan òmíràn bí mo ṣe ń kọ èyí lórí àpò kọfí. Ó ti bu omi sí gíláàsì kan, ó gbé e síwájú mi. Mo ti mu ún tán. Mo ń dúró de ife.